Ẹ Wá Jẹun Ọjọ́ Sátidé

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń gúnyán tà lójú ọ̀nà Odeda tí mi ò tíì jókòó sí. Ẹ má wo ọjọ́ orí mi. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá Ọ̀sìẹ̀lẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo mọ ibi tí iyán wọn ti ń ní kókó, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń pe ẹran màlúù ní ẹran ìgbẹ́, mo sì mọ ibi tí ọ̀yà ti máa ń tán kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Tó bá ti di ọjọ́ Sátidé, ara mi kì í gba ilé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ máa ń jáde. Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà, ìkejì ń kun ilé, èmi ń mọlé. Ọ̀gá bíríkìlà ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ní kí n má jẹ́ ẹ, kó lọ wo fẹ́ǹsì tí mo mọ ní Ewékorò, kó da omi sórí ẹ̀. Bí omi yẹn bá ṣàn sápá kan ju ìkejì lọ, kó wá bá mi.

Ibi tá a máa ń lọ jù, abẹ́ igi máńgòrò kan ni. Wọ́n to àga rọ́bà síbẹ̀, wọ́n gbé ike omi ìfọwọ́ sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ni ibẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, kódà bó o bá ra odidi ẹran. Àwọn ọkùnrin méjì ló ń gúnyán fún wọn lẹ́yìnkùlé, bí wọ́n bá sì ti ń sọ ọmọ odó sínú odó, wàá gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ lórí àga tó o wà. Àwọn ará ìgboro máa ń gbé jíìpù wá láti Abẹ́òkúta, àwọn kan tiẹ̀ máa ń ti Èkó wá, wọ́n á ní àwọn wá gbatẹ́gùn. Wọ́n á ya fọ́tò iyán, wọ́n á ya fọ́tò ọ̀yà, wọ́n á ya ara wọn, kí wọ́n tó fọwọ́.

Àwa náà ń yà á. Oúnjẹ ò ní tíì balẹ̀ dáadáa tí ọ̀rẹ́ mi tó ń kun ilé á ti gbé fóònù sókè. Á gbé e sí sítátọ́ọ̀sì, á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ wá jẹun. Gbogbo ẹni tó bá rí i á fèsì pé á gba ibi ire. Kò sẹ́ni tó máa dìde nílé ẹ̀ láti wá.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Bó o bá ń jẹun tí èèyàn ń kọjá, o gbọ́dọ̀ ní kó wá jẹun. Bó ò bá sọ ọ́, wọ́n á ní ahun ni ẹ́, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ẹ nílé. Ẹni tó ń kọjá náà gbọ́dọ̀ ní á gba ibi ire, kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Bó bá jókòó, òun ni wọn ò kọ́ nílé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ mọ́ bí mo bá ń sọ ọ́.

Mo ní ọ̀gá kan. Mi ò parí síkúù. Ara mi kì í balẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ohun tí tíṣà bá fi wákàtí kan ṣàlàyé, mo gbà pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló yẹ kó gbà á. Ó ku ọdún méjì ká ṣe ìdánwò àṣejáde tí mo fi kúrò. Bàbá mi bá mú mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń mọlé ní Ọbántókò, wọ́n kọ̀wé àdéhùn ọdún mẹ́rin. Bá a bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí sìmẹ́ńtì ti bò wá débi ìpéǹpéjú, ìyàwó ọ̀gá á bu omi fún wa, a ó fọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, torí ọwọ́ bíríkìlà, téèyàn ò bá fọ̀ ọ́ débẹ̀, kò tíì fọ̀ ọ́. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Abọ́ kan náà la jọ ń jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ tiwọn. Tí ẹja bá ku ẹyọ kan, wọ́n á fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Wọ́n á wá dìde. Èmi á jẹ ẹja, èmi á sì fọ abọ́.

Odidi ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni mo pè é o, kì í ṣe mẹ́rin. Agbaṣẹ́ṣe kan ń wá àwọn tó lè mọ fẹ́ǹsì ní Ewékorò, mo wo ara mi, mo rí i pé kò sóhun tí ọ̀gá fẹ́ kọ́ mi mọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo kó aṣọ mi sínú báàgì, mo sọ fún ọ̀gá pé ara ìyá mi ò yá ní Wásinmi, pé mo fẹ́ lọ wò wọ́n. Ara ìyá mi yá gágá. Mi ò padà.

Ẹni tí kò bá gba fridọ́ọ̀mù, tí ọ̀gá ẹ̀ ò gbé ọwọ́ lé e lórí kó gbàdúrà fún un níwájú àwọn oníṣẹ́, bó bá kọ́lé tó kan sánmà, ọmọ iṣẹ́ tó sá ni wọ́n ń pè é. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀kan nínú wọn ni mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà pé mo ti gba fridọ́ọ̀mù. Mo tiẹ̀ ti ròyìn ọjọ́ náà fún wọn, bí òjò ṣe fẹ́ rọ̀ tí kò rọ̀, bí wọ́n ṣe pa ewúrẹ́. Bí mo bá ń purọ́, mo máa ń fi ojú ọjọ́ sí i.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, a di mẹ́rin. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ irun dídì nítòsí ilé wa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ jáde. Ó gbà lọ́jọ́ yẹn. Mo pàṣẹ iyán bí ẹni pé èmi ni mo ni oko iṣu, mo ní kí wọ́n gbé ọ̀yà wá, kí wọ́n má gbé ẹran màlúù wá dípò ẹ̀. A jẹ, a ò lè tán an. Iyán méjì wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ọmọbìnrin yẹn wá sọ pé fridọ́ọ̀mù òun ti sún mọ́lé, pé ó ń ba òun lẹ́rù torí àwọn òbí òun ò lágbára, ó bi mí bóyá dandan ni kéèyàn pa ewúrẹ́. Mo ní kó má dààmú. Mo ní tèmi, ọ̀gá mi ló ra ewúrẹ́ fúnra wọn, wọ́n ní àwọn ò tíì ní irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnu mi ò tíì kúrò lórí ewúrẹ́ yẹn tí mo fi rí ọ̀gá mi.

Ọ̀nà Odeda ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n di irin iṣẹ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n gbé e há abíyá. Mo ti gbọ́ pé wọ́n jábọ́ lórí pákó nígbà òjò tó kọjá, pé ìbàdí ni wọ́n fi balẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ìyàwó wọn ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun l'Ékòó. Mo gbọ́, mi ò sì lọ wò wọ́n, mo ní mi ò ráyè. Wọ́n ti rù. Ẹ̀wù tí mo mọ̀ mọ́ wọn lára ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ orí okùn.

Wọ́n rí mi. Ó yẹ kí n dìde, kí n dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀, mo wá sọ ọ́ sókè kí gbogbo abẹ́ máńgòrò lè gbọ́ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá jẹun o."

Mò ń retí á gba ibi ire. Ọkàn mi ti kọjá sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá dúró. Wọ́n wo iyán, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n gbé àpò wọn ti ìdí igi, wọ́n fa àga kan tó ṣófo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nínú ike wa. Wọ́n fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Oúnjẹ wà ńlẹ̀, mo ti sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kò ní tó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ọ̀gá bá fi lè jókòó, ọmọbìnrin yìí máa kí wọn kú ináwó ewúrẹ́. Ìyẹn nìkan ni mò ń rò. Mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní:

"Ọ̀gá, ẹnu la fi ń pè yín o. Ẹ wá jẹun kì í ṣe ẹ wá jókòó."

Ọ̀rẹ́ mi ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ti gbà á sí òótọ́. Àwọn tó wà lórí tábìlì kejì náà rẹ́rìn-ín. Omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀gá sórí bàtà wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń rín bí onílé bá ní ògiri wọn wọ́, tí àwọn sì mọ̀ pé kò wọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n sọ, "bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ṣòkòtò, wọ́n nu tòsì. "Á gba ibi ire." Wọ́n gbé àpò wọn. Wọ́n tún yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n kí i pé ó kú ìgbádùn, wọ́n sì ń lọ.

Ọmọbìnrin yẹn ló bi mí bóyá ọ̀gá tó ra ewúrẹ́ nìyẹn. Mo ní rárá, mo ní ọ̀gá kan tí mo kàn bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni. Kò wò mí.

"Ebi ń pa ọkùnrin yẹn," ló sọ. "Ẹni tó ń ṣeré kì í fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bí bíríkìlà ṣe ń fọwọ́ nìyẹn, pé òun ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa. Mi ò sọ ọ́, torí ibi tí mo ti kọ́ ọ ni mi ò fẹ́ kó bi mí. Kò jẹun mọ́. Bá a ṣe dé Ọbántókò, ó ní òun á dá lọ sílé. Kò bá mi jáde mọ́ látìgbà náà.

Gbogbo ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi tó ń kun ilé ti fi fóònù ká a. Fọ́tò oúnjẹ ló fẹ́ yà, ló bá di fídíò. Ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ewékorò ti fi ń kí mi. Bí mo bá ti ń bọ̀, wọ́n á pariwo ẹ wá jẹun, àwọn yòókù á dáhùn pé kì í ṣe ẹ wá jókòó. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ ṣe é fún wọn, pẹ̀lú bí ọ̀gá ṣe nu ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe ìkà. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, ọwọ́ mi wà lára ṣòkòtò mi, mi ò sì lè gbé e kúrò.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi pa fídíò yẹn rẹ́, ó pa á rẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́ sí mi kó tó pa á. Tèmi ṣì wà. Ojú ọ̀gá ò hàn níbẹ̀ dáadáa, ọwọ́ wọn ló hàn, àti ohùn tèmi. Ohùn mi dùn nínú ẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Sátidé kejì, mo dá lọ sábẹ́ máńgòrò. Ìyá oníyán ò bá mi ṣe ẹ kú ilé. Wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà àwọn ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tó ń lọ, ó béèrè bóyá ògiri kan wà tí òun lè bá wọn rẹ́. Kò sí. Ìlú Odeda lọ́hùn-ún náà, onílé tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un rí bó ṣe ń di ìbàdí mú, ó ní òun á pè é. Ìyá ní àwọn ní kó jókòó jẹun kó tó lọ, ó ní á gba ibi ire.

"Èmi pè é, ó lọ. Ìwọ pè é, ó jókòó," ni ìyá sọ. "Ó ní ìdí tó fi jókòó sọ́dọ̀ ẹ. Bó ò bá fẹ́ kí èèyàn jókòó, kó o panu ẹ dé."

Mo ra iyán, mo ra ọ̀yà, mo kó o sínú kúlà tí mo gbé wá láti ilé, mo gun ọ̀kadà lọ sílé ọ̀gá. Ilé yẹn, ìdajì ẹ̀ ni wọ́n rẹ́, ìdajì yòókù, búlọ́ọ̀kù ló ṣì wà níta. Bó ṣe wà nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀gá jókòó síwájú ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi iyẹ̀pẹ̀ ba aṣọ jẹ́. Wọ́n wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé ara ìyá ẹ ti yá?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tó yá ni mo rántí irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ tí mo lọ. Mo ní ara wọn ti yá. Wọ́n ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, pé àwọn àti ìyàwó àwọn ti gbàdúrà sí i.

Mo ṣí kúlà, èéfín iyán jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá jẹun."

Wọ́n ní, "Á gba ibi ire, ọmọ mi."

Mo ní àwọn ni mo rà á fún. Wọ́n ní á gba ibi ire. Ohùn wọn ò le, ojú wọn ò fà ro. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, ohun tí mo ṣe lábẹ́ máńgòrò ò dáa, iṣẹ́ tí mo sá kúrò lẹ́nu ẹ̀ náà ò dáa. Wọ́n dá mi dúró.

"Kí lo ṣe? O pè mí jẹun, mo ní á gba ibi ire. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Mo gbé kúlà yẹn sílẹ̀ lójú fèrèsé, mo lọ. Nígbà tí mo padà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wà níbi tí mo gbé e sí, ó mọ́ tónítóní. Ará ilé kejì ló jẹ iyán náà. Ọ̀gá ló fọ kúlà. Ohun tí wọn ò jẹ, wọ́n fọ abọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ: èmi á gbé e wá, wọ́n á ní á gba ibi ire, wọ́n á fọ kúlà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti di olóúnjẹ ilé aláìsàn, wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ gbatẹ́gùn. Ẹ mọ̀ mí, mi ò ní sùúrù. Lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ jágbe mọ́ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹun, kí n lè sinmi. Mo dúpẹ́ pé ẹnu mi ò gbé e jáde.

Sátidé kan báyìí, mo tètè dé. Mo bá ọ̀gá nídìí oúnjẹ. Ẹ̀bà ni, kò ju ìkúùkù lọ, ọbẹ̀ tó rí pupa láìní nǹkan nínú, àti ẹja ṣáwà ẹyọ kan. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi.

"Wá jẹun," ni wọ́n sọ.

Mo dúró pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, mi ò rò pé ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ẹnu lásán ni? Ṣé òótọ́ ni? Mo wo ojú wọn bóyá màá rí ẹ̀rín níbẹ̀, bóyá wọ́n fẹ́ san án fún mi. Mi ò rí nǹkan kan. Bí mo bá ní á gba ibi ire, mo ti kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá jókòó, oúnjẹ ẹni tó ń pebi mọ́nú ni mo fẹ́ bá a jẹ. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Mo gbé kúlà sílẹ̀. Mo bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì, mo fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀gá sún abọ́ sáàárín. Wọ́n ń jẹ tiwọn díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi náà ń bu ẹ̀bà kékeré kékeré, èmi tí mò ń gbé iyán mì láìjẹ lẹ́nu. Nígbà tó ku ẹja nìkan, ọ̀gá fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi. Wọn ò pa òwe kankan. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde.

Mo jẹ ẹja yẹn. Mo fọ abọ́, mo dojú ẹ̀ dé lórí búlọ́ọ̀kù kí omi ẹ̀ ro. Mo wá sọ fún ọ̀gá pé iyán wà nínú kúlà, pé ó ṣì gbóná. Wọ́n ní á gba ibi ire.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ tiwọn, mo tún jẹ ti ọjọ́ yẹn lé e. Wọn ò tíì jẹ tèmi.